William McGregor: Aláṣọ tó kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjìlá jọ

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún yọjú síbí. Àsìkò owó orí ni, àwa oníṣirò owó kì í sì í rímú mí lásìkò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Àwọn tó mọ̀ mí á ti máa rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé bí ojú góòlù bá ṣófo gbáà, mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni akápò ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa níbí ní Birmingham, ẹgbẹ́ náà sì ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún. Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan dé. Àwọn kan fẹ́ dá líìgì tuntun sílẹ̀ ní agbègbè wa, wọ́n ń béèrè bóyá àwa náà á wọlé. La bá pe ìpàdé.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìpàdé wa ṣe máa ń rí. Àwọn àgbà ní kí ló kàn wá kan líìgì. Ṣebí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù wa jẹ́jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí tó dé. Ṣebí a ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọdún Àjíǹde pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó wà ní Manchester, tí tọmọdé tàgbà ń retí. Ta wá ni yóò máa sọ fún wa ọjọ́ tí a óò gbá bọ́ọ̀lù àti ọjọ́ tí a ò ní gbá a? Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ti sú àwọn. Wọ́n ní ká rántí Sátidé kan báyìí. A ti sanwó pápá, a ti sanwó rẹfurí, àwọn ìyàwó wa ti gbé kúlà ìrẹsì méjì dé. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn tó yẹ kó wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù tẹ̀ wá láago pé àwọn ò wá mọ́, àwọn ti rí ibòmíràn lọ. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé owó, mo mọ iye tí ọjọ́ náà kó lọ. Síbẹ̀, èmi gan-an ò fẹ́ líìgì yẹn. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, mo rántí ọkùnrin kan. Mo sọ fún wọn pé irú ìjà yìí gan-an ti wáyé rí nínú ìlú yìí, ní ọdún 1888, àti pé ọkùnrin aláṣọ kan ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn náà. Mo sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kọ ọ́ síbí kí àwọn ọmọ wa náà lè kà á. Ohun tó fà á nìyẹn.

Orúkọ ọkùnrin náà ni William McGregor. Ọdún 1846 ni wọ́n bí i ní Braco, abúlé kékeré kan ní Perthshire, nílẹ̀ Scotland. Iṣẹ́ aṣọ títà ló kọ́ nílùú Perth. Nígbà tó di 1870, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gba Birmingham wá. Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Peter ló jọ ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Newtown Row, ní Aston. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa? Ó kúrò nílé, ó wá oúnjẹ òòjọ́ wá síbi tí wọn ò ti bí i, ẹni tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bá ṣe.

Birmingham ìgbà náà, ìlú irin ni. Láti Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń lu irin, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń rí ààyè sinmi. Àsìkò yẹn ni bọ́ọ̀lù ráyè wọlé. Ní 1874, àwọn ọ̀dọ́ kan láti ilé ìjọsìn Wẹ́sílì ní Villa Cross, tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ń wá ohun tí wọn óò máa ṣe nígbà òtútù. Wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Aston Villa nìyẹn.

McGregor ò gbá bọ́ọ̀lù fún Villa rí. Àwọn ará Scotland tó wà níbẹ̀ ló fà á mọ́ra. George Ramsay láti Glasgow ti wà níbẹ̀, òun ló wá di akọ̀wé ẹgbẹ́ náà láti 1884 títí di 1926. Archie Hunter náà dé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wà lájò, ohùn ilé ni etí ẹ̀ máa ń wá kiri. Bí McGregor ṣe ń lọ wòran, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sínú ìgbìmọ̀. Ó ń ta aṣọ bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ sì di ojúkò tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń pàdé sọ̀rọ̀. Onígbàgbọ́ ni, kì í fẹnu kan ọtí, ó sì ní irùngbọ̀n ńlá tó mú kí gbogbo èèyàn máa wò ó bíi bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní aláriwo.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù ṣe rí nígbà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí líìgì kankan. Ife FA wà láti 1871, àwọn ife ìpínlẹ̀ wà, ìyókù jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan á kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á fi ọjọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu lásán ni. Bí ife bá pe ẹgbẹ́ kan ní ọjọ́ kan náà, ó parí. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì nínú ife, tí wọ́n ní láti tún un gbá, Sátidé tó tẹ̀ lé e náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ tó ṣèlérí á kàn rí ibi tí owó ti pọ̀ jù lọ, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn òǹwòran á dé pápá, wọn ò ní bá ẹni tí wọ́n wá wò.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbowó láti gbá bọ́ọ̀lù, a lè mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní 1884, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Preston North End pé ó ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. William Sudell tó ń darí ẹgbẹ́ náà ò sẹ́ rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń san án, àwọn nìkan kọ́ sì ni. FA lé Preston kúrò nínú ife ọdún yẹn. Inú bí àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn á ya kúrò. Nígbà tó di oṣù keje 1885, FA gbà kí ẹgbẹ́ máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, pẹ̀lú àwọn òfin kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣòwò rí, ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, owó ọ̀sẹ̀ ti di gbèsè tó ń kanlẹ̀kùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, yálà wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tàbí wọn ò gbá a. Ṣùgbọ́n owó géètì tí wọn óò fi san án, ó di ìgbà tí àlejò bá pa àdéhùn mọ́. Ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ṣe gbọọrọ, èyí tó ń gbà wọlé rí wọ́kuwọ̀ku. Irú ìṣòwò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ wó. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi níbí láìmọye ìgbà. Kì í ṣe àìní oníbàárà ló ń pa àwọn míì, àìmọ ìgbà tí oníbàárà máa dé ni.

Villa gan-an ò rí bí ẹgbẹ́ tó ń ṣàìsàn o. Ní 1887, àwọn ló gba ife FA. Wọ́n na West Bromwich Albion ní góòlù 2 sí òdo, Archie Hunter ló sì gba ife náà lọ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kìíní 1888, Preston wá bá wọn ní Perry Barr nínú ife náà. Èrò tó wá lé ní 25,000. Pápá ò gbà wọ́n, wọ́n ya wọ inú pápá, bọ́ọ̀lù sì ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè lé èrò sẹ́yìn. Preston borí ní 3 sí 1. FA sì fọwọ́ sí i pé Villa ti jáde.

Ẹ fọkàn bá mi lọ síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn jẹ́rìí pé èèyàn wà tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, bí nǹkan gidi bá wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dù. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́rìí pé nǹkan gidi yẹn lè tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Oṣù kìíní ni o. Láti ìgbà náà títí sáà yóò fi parí, kí ló kù fún ẹgbẹ́ tó gba ife ní ọdún tó kọjá? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ nìkan ni, tó lè wáyé, tó sì lè má wáyé. Owó ọ̀sẹ̀ ò sì dúró.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, 1888, McGregor jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ sí Blackburn Rovers, Bolton Wanderers, Preston North End àti West Bromwich Albion. Ẹkarùn-ún wá ńkọ́? Aston Villa ni, ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ò ṣòro. Ó sọ pé ó ń le sí i lọ́dọọdún láti rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó dájú. Ó dábàá kí ẹgbẹ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá tó lórúkọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí kálukú máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lóko, bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n rò pé ó yẹ.

Ó yẹ ká ro ohun tó ń bi àwọn ẹgbẹ́ yìí pé kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lórúkọ bíi Villa ò ṣaláìní ẹni tó fẹ́ bá a gbá bọ́ọ̀lù. Ó lè lọ síbi tó wù ú, kó kọ ẹni tí kò wù ú. Bó bá fọwọ́ sí ìwé yìí, òmìnira yẹn ti lọ nìyẹn. Sátidé méjìlélógún nínú sáà kan ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àdúgbò tí wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù látẹ̀yìn wá, tí owó géètì ọjọ́ tí Villa bá wá ń gbé ró, kò ní sí ààyè fún wọn mọ́. Ó sì tún ku ohun kan tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kì í fẹ́ sọ jáde. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá nà ọ́, o lè ní eré la fi ṣe. Nínú líìgì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tò yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ayé á sì ka ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ní òtẹ́ẹ̀lì Anderton's ní Fleet Street. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ yẹn ni, torí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa gbá àṣekágbá ife FA, tí West Bromwich ti borí Preston. Àwọn ẹgbẹ́ ìhà gúúsù ò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá tún pàdé ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ní Royal Hotel ní Manchester, ibẹ̀ ni wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. McGregor fẹ́ pè é ní Association Football Union, wọ́n ní yóò dà rú mọ́ ti àwọn tó ń gbá rọ́gíbì. Football League ni orúkọ tó jẹ́. Òun ni alága àkọ́kọ́, Sudell ti Preston ni akápò.

Mẹ́fà wá láti Lancashire: Accrington, Blackburn Rovers, Bolton Wanderers, Burnley, Everton àti Preston North End. Mẹ́fà wá láti àárín ilẹ̀: Aston Villa, Derby County, Notts County, Stoke, West Bromwich Albion àti Wolverhampton Wanderers. Ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ ò gbà ju méjìlá lọ, torí náà àwọn kan tọrọ àyè, wọn ò rí i. Nottingham Forest wà nínú wọn. Inú wọn ò dùn, ta ló jẹ́ kí inú ẹ̀ dùn? Àwọn àti àwọn míì lọ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1889, wọ́n pè é ní Football Alliance. Nígbà tó di 1892, wọ́n gbà wọ́n wọlé, bí wọ́n ṣe ní ìpele kejì nìyẹn.

Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ẹ gbọ́ o. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá fi sí ìwé ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Èkejì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù wá, kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀lẹ ṣe àlejò. Ẹ̀kẹta ni ti owó. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa pín owó géètì, àwọn tó pọ̀ jù ò gbà. Wọ́n fẹnu kò pé onílé ni yóò mú owó géètì, yóò sì fún àlejò ní iye kan pàtó. Èyí ò tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa dé ilé onílé tí kò ní mọ iye tí yóò mú bọ̀.

Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, 1888 ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Villa lọ sí Wolverhampton, wọ́n gbá ọ̀mì, 1 sí 1. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé wọ́n ti ń gbá a lọ kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa ka póìǹtì. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tó sọ pé kí ẹni tó borí máa gba 2, kí ọ̀mì jẹ́ 1. Preston ló gba líìgì náà láì pàdánù ẹyọ kan. Wọ́n borí nínú 18, wọ́n gbá ọ̀mì 4, póìǹtì 40. Wọ́n tún gba ife FA mọ́ ọn. Villa ló ṣe ìkejì pẹ̀lú póìǹtì 29. Stoke ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Nílé McGregor gan-an, ní Scotland, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní 1890. Ẹgbẹ́ tó lórúkọ jù níbẹ̀ nígbà náà ni Queen's Park ti Glasgow. Kò sí ẹgbẹ́ tó gba ife Scotland tó wọn. Wọ́n tiẹ̀ dé àṣekágbá ife FA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1884 àti 1885. Wọ́n ní kí wọ́n wá, wọ́n kọ̀. Ẹ̀rù wọn ni pé líìgì á sọ bọ́ọ̀lù di òwò, á sì fún ọrùn àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pa. Kí n má purọ́, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, torí ní 1893 ni wọ́n gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa gbowó ní Scotland, àwọn ẹgbẹ́ kan sì parẹ́. Ṣùgbọ́n èrò ti lọ sí ibi tí líìgì wà. Rangers àti Celtic ń ga sí i. Ọdún 1893 náà ni Queen's Park gba ife Scotland kẹ́yìn, ó di ẹ̀kẹwàá. Wọ́n wọ líìgì ní 1900. Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó láti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn títí di 2019. Èmi ò lè pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Wọ́n mọ iye tí wọ́n san, wọ́n sì san án.

Àwọn tó wọlé náà, gbogbo wọn kọ́ ni ó dára fún. Accrington bọ́ sí ìpele kejì ní 1893. Wọ́n ní àwọn ò lọ, wọ́n bínú kúrò. Nígbà tó fi máa di 1896, ẹgbẹ́ náà ti túká. Sudell wá ńkọ́, akápò àkọ́kọ́? Ní 1895, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Owó ilé iṣẹ́ òwú tó ń bójú tó ló ti ń kó, tó sì ń fi ìwé owó èké bo ó, kí Preston lè máa rí agbábọ́ọ̀lù tó dára. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un. Gúúsù Áfíríkà ló forí lé lẹ́yìn náà. Èmi tí mo jẹ́ oníṣirò owó, mo máa ń rántí ọkùnrin yẹn ju àwọn tó gba góòlù wọlé lọ. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ mú un débẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ ẹgbẹ́ kò ní kí owó olówó di tiwa.

McGregor ò gba ọ̀nà yẹn. Aláṣọ ló jẹ́ títí. Ó ṣe alága líìgì títí di 1891. Ní 1895, líìgì sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Ó rí i tí Villa gba líìgì ní 1894, 1896, 1897, 1899 àti 1900. Ti 1897 yẹn, líìgì àti ife FA pọ̀ ni. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kó dé pápá tí à ń pè ní Villa Park lónìí. Ó kú ní ọjọ́ 20, oṣù kejìlá, 1911, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìlú tó gbà á lálejò ló sin ín sí, ní ilé ìjọsìn St Mary's ní Handsworth. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Handsworth, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọjá níbẹ̀ lọ ra iṣu àti èlùbọ́, ẹ mọ̀ báyìí ẹni tó sùn síbẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n ṣe ère rẹ̀ sí iwájú Villa Park.

Ayé sì ń yí. Ní 1992, ẹgbẹ́ méjìlélógún fi Football League sílẹ̀, wọ́n lọ dá Premier League sílẹ̀ nítorí owó tẹlifíṣàn. Villa, ọmọ bíbí inú McGregor, wà nínú àwọn tó lọ. Ṣùgbọ́n ní 2016, Villa já bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó padà sínú líìgì tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀, ó lo sáà mẹ́ta níbẹ̀. Derby County, tí wọ́n jọ wà ní Manchester ní 1888, ni wọ́n ṣẹ́gun ní 2019 kí wọ́n tó gòkè padà. Ilé tí a fi sílẹ̀, ká má ba ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́.

Nílé wa náà, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ife nìkan ló ń kó àwọn ẹgbẹ́ Nàìjíríà jọ. Ọdún 1972 ni líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, Mighty Jets ti Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba líìgì, wọ́n sì gba ife àwọn tó gbafe nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún kan náà. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mo sì rántí bí rédíò ṣe ń pariwo ní gbogbo ojúlé.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn lọ́jọ́ ìpàdé, àfi pé mo gé e kúrú. Bàbá alága wa, tó ti ń ta ko líìgì láti ìbẹ̀rẹ̀, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: nínú ọdún mẹ́ta tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni a sanwó pápá tí ẹnikẹ́ni ò wá? Mo ṣí ìwé. Ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀meje. Mo ro owó rẹ̀ pọ̀ lójú wọn níbẹ̀, ó ju owó ìforúkọsílẹ̀ tí èmi fúnra mi ń torí rẹ̀ ṣàtakò lọ. Ojú tì mí díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí a máa san ni mò ń kà. Mi ò ka ohun tí a ti ń pàdánù.

A dìbò. Mẹ́rìnlá ní ká wọlé, mẹ́sàn-án ní rárá, ẹni méjì ò sọ nǹkan kan. A fi àdéhùn méjì sí i. Ìkíní, akọ̀wé á kọ̀wé sí àwọn onílíìgì pé kí wọ́n fi Sátidé ọdún Àjíǹde sílẹ̀ fún wa. Bí wọn ò bá gbà, a ó bẹ àwọn ará Manchester kí á sún tiwa sí oṣù kẹjọ. Ìkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá owó torí agbábọ́ọ̀lù, ìwé owó á sì wà lórí tábìlì ní gbogbo ìpàdé. Èmi ni mo dábàá ìkejì yẹn, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mo rántí.

Bàbá alága ló ní kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà wá fún àwọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́ ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ẹ wá gbè wá lẹ́yìn. Ìrẹsì á wà o, kò sì ní ṣòfò lọ́tẹ̀ yìí.

Ó tún di ìgbà kan ná. Ire o.